Fáíbà nínú kọnkéré tí nǹkan wúwo ń já lù: irú èwo, èló, báwo la ṣe ń dán an wò?

#1 · Gọ́tàLóDé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọ̀rọ̀ ìdérí gọ́tà ni mo gbé wá. Gígùn rẹ̀ 900 mm, ìbú rẹ̀ 600 mm, ó nípọn tó 150 mm, rọ́ọ̀dù Y12 (irin 12 mm) sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, 150 mm síra wọn. Iwájú ilé ìkẹ́rùsí ló wà: ọkọ̀ akẹ́rù ń gùn ún lójoojúmọ́, wọ́n sì máa ń ju irin lé e lórí bí wọ́n bá ń já ẹrù. Etí rẹ̀ ń gé, abẹ́ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo igi, bẹ́ẹ̀ rọ́ọ̀dù inú rẹ̀ kò tẹ̀. Àwọn kan ní kí á da àpò fáíbà funfun kékeré kan, 0.9 kg, sí kúbíìkì mítà kan. Ṣé ìyẹn á tó? Bí kò bá tó, irú èwo, èló? Ṣé lábù tí kò ní ju irinṣẹ́ ìdánwò ilẹ̀ lọ lè dán an wò?

#2 · Lábù_Ẹ̀yìn_Odi

Kò tó. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Fáíbà funfun tó rí bí irun yẹn, polypropylene ni, 0.9 kg rẹ̀ kò sì ju 0.1% ààyè tí kúbíìkì mítà kan gbà lọ. Wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, nígbà tí kọnkéré ṣì tutù tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń fa omi ojú rẹ̀: kì í jẹ́ kí ojú náà sán wẹ́wẹ́. Ibòmíràn tó ti wúlò ni inú iná. Ní nǹkan bíi 160°C ó ti yọ́, ihò tó fi sílẹ̀ ni ooru omi ń gbà jáde, tí ara kọnkéré kò fi ní máa bẹ́ dànù. Kò sí ọ̀rọ̀ òòlù nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé kọnkéré á sán. Bí nǹkan wúwo bá bà á, ìgbì ìkọlù náà á rin ara rẹ̀ já dé abẹ́, á ṣẹ́rí padà, ìpadàbọ̀ yẹn ló sì ń fa kọnkéré ya. Kọnkéré kò mọ ìfàya gbà rárá. Agbára rẹ̀ níbẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tó fi ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí abẹ́ ìdérí yín fi ń ṣí nígbà tí òkè ṣì dúró. Fáíbà irin, ìyẹn wáyà kéékèèké tí wọ́n ń pò mọ́ kọnkéré, kì í dá ìlà sísán àkọ́kọ́ dúró. Ẹnu ìlà náà ló ń dì mú. Kí ẹnu yẹn tó lè gbòòrò, àfi kó fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáíbà yọ kúrò nínú ihò wọn, kó sì na ìwọ̀ orí wọn tọ́, ibẹ̀ ni agbára ìkọlù ń tán sí. Rọ́ọ̀dù Y12 yín kò lè ṣe èyí: ó jìnnà sí etí, kọnkéré 30–40 mm tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì ní ohunkóhun tó dì í mú.

#3 · Ayọ́nBẹ́ńdà_Àgbà

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ní ti èló, fáíbà irin olórí ìwọ̀, 30 sí 40 kg fún kúbíìkì mítà kan ni kí ẹ máa wò. Irin wúwo tó 7,850 kg ní kúbíìkì mítà, nítorí náà 1% jẹ́ 78.5 kg, 40 kg yín kò ju ìlàjì 1% lọ. Bí ẹ bá kọjá 1% nínú mísà ojú iṣẹ́, ìtẹ́ ẹyẹ lẹ máa kó jáde, fáíbà á ti lọ́ mọ́ra.

Ẹ má fi kílò nìkan rà á. Iye fáíbà tó máa dá ìlà sísán lọ́nà ni ẹ ń sanwó fún. Èyí tó gùn ní 60 mm tó nípọn ní 0.75 mm, kílò kan rẹ̀ jẹ́ bíi fáíbà 4,800. Ti 50 mm tó nípọn ní 1.0 mm kò ju bíi 3,200 lọ. Ti 35 mm tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní 0.55 mm tó bíi 15,000. Ní 30 kg, ẹnì kan á ní fáíbà 450,000, ti ẹnì kejì kò ní pé 100,000, owó ọkọ̀ kan náà ni wọ́n fi gbé e wá. Èyí tó pọ́ọ́kú yẹn lọ́jà, ẹ bi wọ́n bó ṣe nípọn tó.

Fún ìdérí 150 mm, 35 mm × 0.55 mm ni èmi á mú, 35 kg. Kí wáyà rẹ̀ ní agbára ìfà tó 1,000 MPa (òṣùwọ̀n agbára) ó kéré tán. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ èyí tó lọ po kọnkéré líle C60 kó lè “le dáadáa”, wáyà 1,000 MPa á máa já nínú rẹ̀ dípò kó yọ, èyí tó bá sì já kò gba agbára tó èyí tó yọ díẹ̀díẹ̀. C30/37, tí kò le tó ìyẹn, ti tó.

Rọ́ọ̀dù ò, kí ẹ má yọ ọ́! Lórí ilẹ̀ tí wọ́n dì dáadáa, fáíbà lè rọ́pò wáyà BRC (àwọ̀n irin) nínú fúlọ́ọ̀, torí ilẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Ìdérí tó na ara rẹ̀ sórí àlàfo gọ́tà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

#4 · Bírí_Adúláwọ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fún wa ní ìpò rẹ̀ (bí a ṣe máa pò ó) ní báàgì, kì í ṣe ní kúbíìkì mítà. Báàgì là ń gé lójú iṣẹ́.

#5 · Lábù_Ẹ̀yìn_Odi

Kò burú. Kúbíìkì mítà kan: símẹ́ńtì 380 kg, omi 182 lítà, yanrìn 810 kg, gíránáìtì ìlàjì ínṣì 1,010 kg, fáíbà 35 kg. Báàgì símẹ́ńtì 50 kg kan á gba yanrìn 107 kg, gíránáìtì 133 kg, omi 24 lítà, fáíbà 4.6 kg, yóò sì fún yín ní bíi 0.13 kúbíìkì mítà. Ìdérí kan yín jẹ́ 0.081, nítorí náà báàgì méjì á ṣe ìdérí mẹ́ta, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù.

Ẹ rí i pé yanrìn pọ̀ ju ti kọnkéré lásán lọ, ó sún mọ́ 45% gbogbo yanrìn àti òkúta. Fáíbà nílò amọ̀ símẹ́ńtì tó máa bò ó lára. Gíránáìtì mẹ́ta-nínú-mẹ́rin ínṣì kò bá fáíbà 35 mm ṣe, òkúta ńlá á máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ á kó jọ sójú kan.

Yanrìn tó tutù ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ 5%, 107 kg yẹn ti gbé lítà márùn-ún wá kí ẹ tó bu omi kankan. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 24. Bí ó bá wá le jù, superplasticizer (èròjà tó ń jẹ́ kí kọnkéré ṣàn láì bu omi sí i) ni kí ẹ fi kún un, 300 g sí báàgì kan láti fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, kí ẹ sì ka ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára kẹ́ẹ̀gì. Kì í ṣe omi.

#6 · Mísà_Kìí_Sùn

Omi gan-an ni wọ́n máa bù sí i, ọ̀gá. Fáíbà máa ń jẹ́ kí sìlọ́ǹpù (ìwọ̀n bí kọnkéré tútù ṣe rọ̀ tó) fò sẹ́yìn, 20 sí 50 mm, oníṣẹ́ á rí i pé ó dúró gán-ún, ó ti gbá ike omi mú. Ìdúró yẹn ń tan ojú jẹ ni. Ẹ ti fáíbírétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré) bọ̀ ọ́, á ṣàn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí sìlọ́ǹpù wà ní 120–150 mm kí fáíbà tó wọlé.

Bó ṣe ń wọ mísà nìyí. Gíránáìtì àti díẹ̀ nínú omi kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà yanrìn, símẹ́ńtì, omi tó kù. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti pò di ọ̀kan, tí mísà ṣì ń yí, ni kí ẹ máa fọ́n fáíbà sí i bí ẹni ń fọ́n gàrí sínú omi gbígbóná: 4.6 kg yẹn kò gbọ́dọ̀ wọlé ní kíá, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Kí ó yí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn náà. Fáíbà kì í wọ ìkòkò mísà tó ṣófo láéláé. Òun ló ń di bọ́ọ̀lù. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ní ìlà-ìlà, ẹ má fi ọwọ́ ya á, omi ló máa tú gọ́ọ̀mù náà. Ti ọkọ̀ mísà, kò gbọ́dọ̀ ju 40 kg lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ìlù rẹ̀ sì máa yí kíákíá.

Bí ẹ bá rí bọ́ọ̀lù, ẹ yọ ọ́ sọnù. Ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fọ́ọ̀mù ti fi ihò sí ìdérí nìyẹn. Kí wọ́n wọ gílọ́ọ̀fù, kí wọ́n sì bo ojú.

Fáíbírétọ̀ náà ní ìwọ̀n. Orí rẹ̀ máa ń ti fáíbà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ihò tó bá yọ kúrò á jẹ́ amọ̀ símẹ́ńtì lásán. Fún ìdérí, tábìlì tó ń gbọ̀n tàbí èyí tí wọ́n so mọ́ ara fọ́ọ̀mù ló dára. Ẹ má fi ọ̀pá irin gún un.

#7 · ÒòlùÀtiÀwo

Ìdánwò ló kù, ibẹ̀ ni èmi dé. Gọ́tàLóDé, ẹ má ra ẹ̀rọ kankan. Òòlù 4.5 kg tí lábù yín fi ń dì ilẹ̀ ní ọ̀nà West African Standard, tó ń já láti 450 mm, òun gan-an ni. ACI 544, ìlànà ẹgbẹ́ kọnkéré ti Amẹ́ríkà, ní kí òòlù jẹ́ 4.54 kg, kó já láti 457 mm: 20.35 J (júùlù, òṣùwọ̀n agbára ìlù) ní ìlù kan. Ti yín jẹ́ 19.87 J. Ìyàtọ̀ náà kò tó 3%. Ẹ kàn kọ èyí tí ẹ lò sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa lù ni àwo kọnkéré róbótó, 150 mm ní fífẹ̀, 63.5 mm ní nínípọn. Nítorí fáíbà yín gùn ju 20 mm lọ, ẹ má dà á sínú fọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ, gbogbo fáíbà ibẹ̀ á sùn gbalaja, àbájáde á sì dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ da sílíńdà 150 × 300 mm, ẹ fi ayùn oníomi gé e sí àwo mẹ́rin. Ọjọ́ 28 nínú omi.

Ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ pa abẹ́ àwo, ẹ gbé e sórí páànù irin tó wà lórí fúlọ́ọ̀ kọnkéré. Kì í ṣe tábìlì onígi. Tábìlì á máa bá yín jẹ nínú agbára ìlù. Irin mẹ́rin tó dúró yí àwo ká gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní bíi 5 mm. Ẹ fi fóòmù há àlàfo yẹn kó má baà máa sún kiri. Bọ́ọ̀lù irin líle 63.5 mm ló máa jókòó sí àárín gbùngbùn, òòlù á máa já lé bọ́ọ̀lù yẹn. Ẹ ka iye ìlù títí ìlà àkọ́kọ́ fi hàn lójú. Ẹ kọ ọ́. Ẹ yọ fóòmù, ẹ máa lù ú lọ títí àwo á fi ṣí débi pé ó kan mẹ́ta nínú irin mẹ́rin yẹn. Ẹ kọ ìyẹn náà.

Nọ́ńbà méjì ló jáde, èkejì ló níyì. Ní 35 kg, ìlà àkọ́kọ́ lè má fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju ti kọnkéré lásán lọ, ẹni tí kò mọ̀ á ní fáíbà kò ṣiṣẹ́. Kọnkéré lásán máa ń là sí méjì tàbí mẹ́ta láàárín ìlù kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́. Ti fáíbà á máa gba ìlù lọ pẹ̀lú ìlà lára. Àlàfo àárín nọ́ńbà méjèèjì ni ẹ ra fáíbà fún.

#8 · Akẹ́kọ̀ọ́_Símẹ́ńtì

Ẹ ṣé, sà. Àwo mẹ́fà láti inú ìpò kan náà ni mo ní iye ìlù rẹ̀ níwájú mi: 31, 58, 44, 112, 39, 70. Ṣé ìpò náà ló bàjẹ́ ni, àbí ìdánwò ni kò dára?

#9 · ÒòlùÀtiÀwo

Kò sí èyí tó bàjẹ́ dandan. Àròpín rẹ jẹ́ 59, ìtúká rẹ̀ (bí nọ́ńbà ṣe jìnnà sí àròpín) sì jẹ́ bíi 50% àròpín náà. Bí ìdánwò yìí ṣe máa ń rí nìyẹn: 30 sí 60% kì í ṣe tuntun. Ojú kan ni bọ́ọ̀lù ń lù. Bí òkúta bá wà lábẹ́ rẹ̀, ìlù á pọ̀. Bí amọ̀ símẹ́ńtì ló bá wà níbẹ̀, ìlù á kéré. Fáíbà tó gba abẹ́ ojú yẹn kọjá nínú àwo kan lè jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì. Ojú ènìyàn ló tún ń wá ìlà àkọ́kọ́.

Ohun tí kò tọ́ ni láti mú àwo mẹ́fà wá sọ pé 35 kg dára ju 30 kg lọ. Pẹ̀lú ìtúká 50%, àwo mẹ́fà máa fi àṣìṣe bíi 40% sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Bí o bá fẹ́ kó wà láàárín 20%, àwo 24 lo nílò, ìyẹn sílíńdà mẹ́fà. Kó wà láàárín 10%, àwo 96. Kò sẹ́ni tó máa ṣe é. Má sì ṣe ju 112 yẹn nù nítorí pé kò jọ ìyókù. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fi àárín gbùngbùn wọn hàn pẹ̀lú àròpín.

Nọ́ńbà rẹ kì í sì í ṣe ohun tí ẹ̀ńjíníà lè fi ṣe ìṣirò nínípọn ìdérí. Ìfiwéra nìkan ló wà fún, ìpò sí ìpò. Fún ìṣirò, ìdánwò igi kọnkéré (bíìmù) ti ìlànà Yúróòpù, EN 14651, tó ń wọn agbára tó kù lẹ́yìn sísán ni kí wọ́n lò. Ẹ tún wo èyí: báàgì símẹ́ńtì 50 kg tó já láti 1.2 m ní 589 J, ó tó ìlù òòlù 29 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, síbẹ̀ kì í fọ́ fúlọ́ọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó rọ̀, ó tẹ́, kò já lu ojú kan. Igun irin tó wúwo ní 10 kg lè gé etí ìdérí pẹ̀lú agbára tó kéré sí i púpọ̀.

#10 · Ìhá_Kìí_Ṣègbin

Gbogbo yín ń pe fáíbà irin tí wọ́n ń kó wọlé láti òkèèrè. Okùn àgbọn ńkọ́? Ìhá ọ̀pẹ ńkọ́? Wáyà inú táyà tó kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà?

#11 · Lábù_Ẹ̀yìn_Odi

Ìbéèrè tó dára, ìdáhùn rẹ̀ kò rí bákan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Okùn àgbọn máa ń ṣe dáadáa ní ọjọ́ 28, ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn. Omi inú ihò kọnkéré jọ omi eérú líle, pH rẹ̀ ju 12 lọ, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ohun tó so okùn náà pọ̀. Bí ó bá pẹ́, okùn á gbẹ, á máa ṣẹ́ bí igi ìṣáná. Eérú èèpo ìrẹsì tí wọ́n sun dáadáa tí wọ́n lọ̀ kúnná, tó bá rọ́pò díẹ̀ nínú símẹ́ńtì, á dín ìjẹ yẹn kù, kò ní mú un kúrò. Okùn náà ń mu omi púpọ̀, nítorí náà ẹ rẹ ẹ́ kó tó wọ ìpò. Páálí òrùlé àti ògiri tí kò gbé ẹrù, ó tọ́. Ìdérí tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gùn, rárá. Ìhá tiẹ̀ tún ní epo lára. Símẹ́ńtì kì í di ohun tó lépo mú, ẹ gbọ́dọ̀ fọ epo yẹn kúrò pátápátá.

Wáyà táyà lágbára gan-an, òun nìkan ni mo lè bá yín dúró tì. Àmọ́ èyí tí wọ́n dáná sun ti rọ̀, dúdú èéfín sì wà lára rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ fà ya ni kí ẹ wá. Gígùn rẹ̀ kò dọ́gba, ó lọ́ po, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yá ju ti ọjà lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré kí ẹ tó gòkè.

Wáyà ìdìrọ́ọ̀dù tí àwọn kan ń gé: ó rọ̀, ara rẹ̀ ń dán, á kàn yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láì gba agbára kankan. Bí ẹ ò bá ká orí rẹ̀ méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀.

#12 · Ọ̀gá_Ìjókòó

Ẹ dákun, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ibi tí ìdérí náà jókòó sí. Gọ́tàLóDé ní etí ló ń gé. Mo fẹ́ẹ̀ lè sọ ọ́ láì débẹ̀ pé ìdérí yẹn ń mì. Bí ìjókòó rẹ̀ kò bá tẹ́jú, táyà iwájú á gbé igun kan sókè, táyà ẹ̀yìn á gbá a mọ́lẹ̀: ìdérí ló ń lu ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá. Fáíbà 100 kg kò ní gba irú ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ dúró lórí igun kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ara padà. Bí ẹ bá gbọ́ “kọ̀”, ẹ ti rí i. Ẹ gbé e kúrò, ẹ gbá ìjókòó mọ́, ẹ fi amọ̀ símẹ́ńtì 1:3 tẹ́ ẹ ní 10–15 mm, kí ìdérí jókòó sí ọ̀tún àti òsì ní 75 mm ó kéré tán, 100 mm ló dára. Ẹ fi áńgù áyọ́ọ̀nù 50 × 50 × 5 tí wọ́n jó ẹsẹ̀ rọ́ọ̀dù mọ́ yí etí ìdérí àti etí gọ́tà ká. Ẹ fi 5 mm sílẹ̀ láàárín wọn. Lẹ́yìn èyí ni kí á máa sọ̀rọ̀ fáíbà.

#13 · Gọ́tàLóDé

Kọ̀ ni, ọ̀gá. Igun méjì ló ń dún. Ẹ ṣé gan-an.

Ó ku méjì: etí ọ̀sà ni ilé ìkẹ́rùsí náà wà, ṣé fáíbà irin kò ní dípẹtà? Báwo sì ni mo ṣe máa mọ̀ pé 35 kg tí mo sanwó fún ni wọ́n dà sí i?

#14 · Mísà_Kìí_Sùn

Ti èkejì rọrùn. Ẹ bu lítà 10 nínú kọnkéré tútù, ẹ fi omi fọ símẹ́ńtì kúrò lórí asẹ́, ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì kó fáíbà, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n. 350 g ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mẹta: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, àti ìparí ìdà. Bí àròpín wọn bá tó ṣùgbọ́n tí wọ́n jìnnà síra, mísà kò pò ó dáadáa. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kéré, ẹ lọ ka àpò fáíbà tó ṣófo.

#15 · Lábù_Ẹ̀yìn_Odi

Ti ìpẹtà: èyí tó wà lójú á pọ́n, á ṣe àmì pupa lára ìdérí. Àbùkù ojú ni; fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ kò wú tó ohun tó lè ṣí kọnkéré bí rọ́ọ̀dù ti ń ṣe. Èyí tó wà nínú kọnkéré tó dì dáadáa kò ní wàhálà. Inú ìlà tó bá gbòòrò ju 0.3 mm lọ ni iyọ̀ á ti jẹ ẹ́ tán, ìdérí tí wọ́n ń lù sì máa ń ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ní etí ọ̀sà, ẹ wo fáíbà irin tí wọ́n fi síńkì bò, tàbí fáíbà ike ńlá tó gùn ní 40–60 mm, 5 sí 7 kg fún kúbíìkì mítà. Ti ike máa ń jẹ́ kí ìlà gbòòrò díẹ̀ kó tó dì í mú, ṣùgbọ́n kì í pẹtà. Fún mágnẹ́ẹ̀tì, ẹ gbàgbé. Inú omi ló ti máa ń léfòó, ẹ fi asẹ́ kó o.

Bí ẹ bá ti lu àwo tán, ẹ má da èérún rẹ̀ nù. Ẹ ya á sí méjì, ẹ wo ojú ibi tó ya. Bí fáíbà bá yọrí síta tí ìwọ̀ rẹ̀ ti nà tọ́, ó ṣiṣẹ́. Bí orí rẹ̀ bá mú ṣóṣó bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́, ó já ni: kọnkéré le jù fún wáyà náà. Bí ó bá yọ tí ìwọ̀ rẹ̀ ṣì ká bó ṣe wá láti ilé-iṣẹ́, kọnkéré kò dì í mú, ẹ lọ wo omi tí ẹ bù sí i. Ẹ ka iye tó wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́_Símẹ́ńtì, ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwo 112 àti àwo 31 rẹ, kí o sì gbé iye méjèèjì wá síbí.